Fúláàṣì Tí A Fi Òróró Yàn

Inú ṣì ń bí mi. Mo fẹ́ kí ẹni tó bá ń ka èyí mọ̀ bẹ́ẹ̀ kí n tó sọ ohunkóhun, kó má baà rò pé mo jókòó síbì kan tí ara ti tù mí, tí mo wá ń rántí ohun tó ti kọjá. Kò tíì kọjá. Nígbàkígbà tí mo bá gba iwájú ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta èèlò kọ̀ǹpútà ní Àkúrẹ́ kọjá, tí mo rí àwọn fúláàṣì wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi kọ́ síta bí ẹja gbígbẹ, ńṣe ni mo máa ń yí ojú kúrò. Ọ̀kan nínú wọn ló gba ọdún kan gbáko lọ́wọ́ mi.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí òfin. Ní ẹ̀ka tí mo ti kàwé ní yunifásítì ní Àkúrẹ́, olùkọ́ kan ló ń bójú tó iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwa tá a fẹ́ jáde. Dọ́kítà la máa ń pè é. Òun ló fi òfin lélẹ̀ pé inú fúláàṣì ni kí oníkálukú kó iṣẹ́ rẹ̀ sí, kó wá jù ú sínú ike tó wà lórí tábìlì akọ̀wé. Ike áísìkiriìmù ni, èyí tó tóbi, tí ìdérí rẹ̀ ti sọnù tipẹ́. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi líǹkì ránṣẹ́ sí òun. Bó o bá gbé iṣẹ́ rẹ sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí wọ́n ń tọ́jú fáìlì sí, tó o wá fi àdírẹ́sì ibẹ̀ ránṣẹ́ sí i kó lè tẹ̀ ẹ́ kó sì rí i, kò ní wò ó. Ó ní àwọn oníjìbìtì ló ń fi líǹkì ránṣẹ́ sí èèyàn. Ó ní ohun tí òun ò bá lè fi ọwọ́ mú, òun ò lè máàkì rẹ̀.

Ọkùnrin tó ń fi fóònù fi owó ránṣẹ́ sílé ló sọ bẹ́ẹ̀ o. Owó yẹn ńkọ́, ṣé ó máa ń fi ọwọ́ mú un?

Bí gbogbo wa ṣe ń gbé fúláàṣì kiri nìyẹn. Àwọn kan fi okùn so ó mọ́ ọrùn, àwọn kan so ó mọ́ kọ́kọ́rọ́ yàrá. Gbogbo wọn jọra, torí ọwọ́ ẹnì kan náà la ti ń rà á lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé: dúdú, ìdérí pupa. Mo fi òwú funfun wé ìdí tèmi kí n lè dá a mọ̀. A ó kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà, ọkùnrin ibẹ̀ á tì í bọ inú kọ̀ǹpútà kan tó ti gba fúláàṣì ìdajì ìlú, kòkòrò inú ọ̀kan á ran èkejì, iṣẹ́ tí èèyàn fi oṣù mélòó kan kọ á wá di àmì kékeré kan tí kò ṣeé ṣí. Bí ọmọ kan bá bú sẹ́kún níbẹ̀, àwọn tó wà lórí ìlà kì í tilẹ̀ wẹ̀yìn wò. Wọ́n ti rí irú rẹ̀ rí. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé a ò bínú nígbà náà. A gbà pé bí ìwé kíkà ṣe rí nìyẹn.

Ẹnì kan ṣoṣo tí kò gbà ni ọmọbìnrin tá a jọ ń gbé yàrá. Ọmọ Ìjàrẹ́ ni, ẹnu rẹ̀ mú, kì í sì í ṣe sùúrù fún nǹkan tí kò bá ní làákàyè nínú. Orí íńtánẹ́ẹ̀tì ló ń kó gbogbo iṣẹ́ tirẹ̀ sí. Fóònù rẹ̀ já sínú korobá omi lọ́jọ́ kan. Kò pariwo, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó yá fóònù mi, ó tẹ orúkọ rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ síbẹ̀, gbogbo ìwé rẹ̀ sì jáde bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Mo la ẹnu sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn náà ló ṣí àyè tèmi fún mi, ó ní igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Mo gbé orí kìíní dé orí kẹta iṣẹ́ àpilẹ̀kọ mi síbẹ̀. Ti Dọ́kítà, mo ṣì ń ju fúláàṣì sínú ike bí wọ́n ṣe ní ká ṣe.

Iṣẹ́ náà dá lórí bí àwọn obìnrin tó ń ta àgbàdo gbígbẹ ní Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣe ń tọ́jú rẹ̀ tí kòkòrò kì í fi í bà á jẹ́. Mo ti lọ sí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ títí àwọn obìnrin ọjà fi ń pè mí ní ìyàwó wọn. Mo ti fi ìbéèrè wá wọn lẹ́nu wò, mo sì ti kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ sórí bébà. Orí kẹrin àti orí karùn-ún ló kù, níbi tí mo ti fẹ́ sọ ohun tí mo rí. Wọ́n ti fún wa ní gbèdéke: ọjọ́ Ẹtì, kí gbogbo fúláàṣì wà nínú ike. Ẹni tí tirẹ̀ ò bá sí níbẹ̀ á dúró de àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Iná ò sí ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì, ni mo bá gba ilé lọ sí Oǹdó láti lọ kọ ọ́. Màámi ló bí mi, òun náà ló dá tọ́ mi látìgbà tí bàbá mi ti kú. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì mọyì rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó ti ṣiṣẹ́. Ó bá mi bẹ ọ̀gá ibẹ̀, wọ́n jẹ́ kí n máa lo kọ̀ǹpútà wọn tí àwọn ọmọ bá ti lọ sílé, bí n kò bá ṣáà ti fi nǹkan kan pamọ́ sínú rẹ̀. Mo gbà. Inú fúláàṣì ni mo ń kó gbogbo rẹ̀ sí. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí nínú ọgbà ilé-ìwé náà, nílé tiwa, ẹ̀gbẹ́ kànga nìkan ló ti ń wá, á sì tún sá. Mo wò ó pé ọjọ́ Ajé ni mo máa dé Àkúrẹ́, n ó gbé e sókè níbẹ̀. Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni mo parí orí karùn-ún. Mo dé ilé, mo jẹun, mo ju àpò mi sórí àga, mo sì sùn bí òkúta.

Ìjọ wa ní Oǹdó ní àṣà kan. Lọ́dọọdún, wọ́n máa ń ya ọjọ́ Ìsinmi kan sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ tó fẹ́ jáde ìwé. Oníkálukú á gbé ohun tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ síwájú pẹpẹ: báírò, ìwé, ẹ̀rọ ìṣírò. Wọ́n á fi òróró kàn án, wọ́n á gbàdúrà sí i. Nígbà tí ọdún bá wá fẹ́ parí, wọ́n á pe orúkọ àwọn tó ti jáde, ìyá ọmọ kọ̀ọ̀kan á sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dé e ní fìlà onígun mẹ́rin lójú gbogbo ìjọ. Ojú Màámi ti wà lára fìlà yẹn láti ọdún tí mo ti wọlé ìwé. Ó ti rà á pàápàá. Ó wà nínú ọ̀rá lókè kọ́bọ́ọ̀dù, kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kàn án.

Lọ́dún yẹn, Ọjọ́ Ìsinmi náà bọ́ sí ọjọ́ kejì tí mo parí orí karùn-ún. Ara mi gbóná, mi ò lè dìde. Màámi ò jí mi. Ó ṣí àpò mi, ó wá báírò, kò rí i. Ó rí fúláàṣì. Ó ti gbọ́ lẹ́nu mi pé inú rẹ̀ ni gbogbo iṣẹ́ mi wà, ó wá rò ó pé kí ni wọ́n tún ń fi báírò ṣe. Ó gbé fúláàṣì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Títí di òní yìí, èmi pẹ̀lú àdúrà ò ní ìjà. Wọ́n fi òróró kan báírò àwọn ọmọ yòókù, wọ́n fi kan fúláàṣì tèmi náà lẹ́yìn, bóyá ìyẹn ì bá má ṣe é ní nǹkan kan. Àmọ́ ó ṣe Màámi bíi pé èyí tí wọ́n fi kàn án ò tó. Ó gba òróró díẹ̀ sínú ìgò, ó gbé e wálé, ó ṣí ìdérí fúláàṣì, ó sì ki ẹnu rẹ̀ bọ inú ìgò náà títí di ìrọ̀lẹ́. Ó fẹ́ kó wọ̀ ọ́ lára. Nígbà tó yọ ọ́, ó rí i pé ó ń yọ̀, ó sì mọ̀ pé n ó rojọ́. Ni ó bá bu omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ sínú abọ́, ó da ọṣẹ sí i, ó fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní, ó fi aṣọ nù ún, ó dé e padà, ó tún òwú funfun ìdí rẹ̀ wé dáadáa. Ó sì dá a padà sínú àpò mi.

Ẹ gbà mí. Ọṣẹ!

Ọjọ́ Ajé, mo dé Àkúrẹ́, mi ò tilẹ̀ tíì dé yàrá tí mo fi yà sí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ǹpútà. Ọkùnrin ibẹ̀ ti fúláàṣì bọlé. Nǹkan kan ò yọ. Ó yọ ọ́, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tún tì í bọ ibòmíràn. Nǹkan kan ò yọ. Ó wá gbé e sí imú, ó wò mí, ó béèrè bóyá èyí ni mo fi dín àkàrà láàárọ̀. Àwọn tó wà lórí ìlà rẹ́rìn-ín. Èmi náà gbà á gbóòórùn, mo sì dá òróró náà mọ̀, torí inú òórùn rẹ̀ ni wọ́n bí mi sí.

Mo pe Màámi. Tayọ̀tayọ̀ ló fi gbé e.

"Mo fi òróró yàn án fún ọ ni," ló wí. "Má wulẹ̀ bẹ̀rù pé ó máa yí aṣọ rẹ, mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́."

Ó pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀mejì, ohùn rẹ̀ sì ń lọ sílẹ̀. Ó béèrè bóyá kò ṣiṣẹ́ ni. Mo gé ìpè náà mọ́ ọn létí, mo jókòó sórí pèpéle iwájú ṣọ́ọ̀bù, mo sunkún débi tí ẹni tó ń ta ẹ̀pà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi gbé omi fún mi. Ọ̀rẹ́ mi ará Ìjàrẹ́ ló wá mú mi lọ sílé. Fún ìgbà àkọ́kọ́, kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó kàn sọ pé orí mẹ́ta wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, orí méjì ló kù, àwọn bébà ìbéèrè sì ṣì wà. Ká lọ bá Dọ́kítà sọ̀rọ̀.

Mo lọ. Mo kúnlẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀, torí àga kan ṣoṣo tó wà fún àlejò, ìwé ló kó sí i, kò sì kó o kúrò. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀, òróró àti ọṣẹ pàápàá. Mo fi orí mẹ́ta tó wà lórí fóònù mi hàn án. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó fún mi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, pé bí mo bá ti ń tún orí kẹrin àti ìkarùn-ún kọ ni n ó máa gbé e síbẹ̀, kó máa fi ojú ara rẹ̀ rí i pé mi ò jókòó lásán. Kò gba fóònù náà lọ́wọ́ mi. Ńṣe ló ń wò ó bí ẹni ń wo aláǹgbá.

"Ṣé èmi ni wàá wá kọ́ níṣẹ́?" ló béèrè. "Fúláàṣì, ọjọ́ Ẹtì. Èyí tí kò bá sí nínú ike, kò sí níbì kankan."

Mo dúpẹ́. Ẹ gbọ́ ọ ná: mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Bí wọ́n ṣe tọ́ wa nìyẹn, àgbà á fi ọwọ́ òsì júwe ilé baba ọmọ fún un, ọmọ á tún kí i pé ẹ ṣé.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rẹ́ mi pe Màámi, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, Màámi wọ ọkọ̀ láti Oǹdó wá bá mi, ó ru àwọn bébà ìbéèrè tí mo fi sílẹ̀ nílé. Wọ́n ti sọ fún un ní ṣọ́ọ̀ṣì pé iṣẹ́ ọ̀tá ni, pé ayé ló ń bá ọmọ rẹ̀ jà. Kò gbà fún wọn. Ó ní ọ̀tá wo, òróró ni, òun lòun sì rì í sínú òróró. Ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọ̀rẹ́ mi, obìnrin tó ti na gbogbo ọmọ àdúgbò wa tán nítorí irọ́ pípa, ó wo ojú mi.

"Ọmọ mi, má bínú," ló wí. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Kì í ṣe ọwọ́ ẹlòmíràn."

Inú ń bí mi, àánú rẹ̀ sì ń ṣe mí. Mo fa àwọn bébà náà mọ́ra, mo ń tò wọ́n. Kí ó má baà jókòó lásán, ọ̀rẹ́ mi fi ibi tí iṣẹ́ mi wà hàn án lórí fóònù. Màámi fẹ́ mọ ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi ṣàlàyé títí, Màámi ní kò burú, ṣùgbọ́n ṣé èèyàn lè gbàdúrà síbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi dá a lóhùn pé àdúrà wọlé dáadáa, kí wọ́n ṣáà má fi omi sí i.

A kọ ìwé náà lọ́sàn-án, a kọ ọ́ lóru. Ọ̀rẹ́ mi ń ka ìdáhùn àwọn obìnrin Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ sókè, mo ń tẹ̀ ẹ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ Ẹtì, orí kẹrin ti parí, orí karùn-ún ò tíì dé ìdajì. Mo kó èyí tó wà sínú fúláàṣì tuntun, mo jù ú sínú ike. Wọ́n dá a padà fún mi lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kò pé. Nígbà yẹn, orí karùn-ún ti pé perepere lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá fẹ́ wò ó lè wò ó láti orí ìjókòó rẹ̀. Kò sẹ́ni tó wò ó. Ọ̀rẹ́ mi jáde, ó di àgùnbánirọ̀, wọ́n gbé e lọ sókè Ọya. Èmi dúró.

Ní ìparí ọdún yẹn, wọ́n pe orúkọ àwọn ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Wọ́n ní Màámi jókòó sí ibi tó máa ń jókòó sí, ó pàtẹ́wọ́ fún gbogbo wọn. Kò gbé fìlà náà kúrò lókè kọ́bọ́ọ̀dù. Èmi ò lọ, mo ní mo ní nǹkan kan láti ṣe ní Àkúrẹ́. Mi ò ní nǹkan kan láti ṣe.

Ní ọdún kejì, mo fi iṣẹ́ mi sínú fúláàṣì bí òfin ṣe wí, mo fi òwú funfun wé ìdí rẹ̀ bíi ti àkọ́kọ́, mo sọ ọ́ sínú ike kí àwọn yòókù tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó tiwọn wá. Èyí tó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mi ò yọ ọ́. Mo jáde, Màámi sì dé mi ní fìlà láàárín àwọn ọmọ tí mo fi ọ̀nà yàrá ìkàwé hàn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ìwé. Bó ṣe ń tún fìlà náà ṣe lórí mi, ó tẹ ẹnu mọ́ etí mi, ó tún ní kí n má bínú. Ó ti ń bẹ̀ mí láti ọdún tó kọjá, kò sì tíì rẹ̀ ẹ́.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àmọ́ lọ́jọ́ kan, fóònù mi dún, Dọ́kítà ni. Kò pè mí rí láyé. Àwọn aláyẹ̀wò ń bọ̀ láti Àbújá, wọ́n fẹ́ rí iṣẹ́ àpilẹ̀kọ àwọn ọmọ tó ti jáde, torí bí wọn ò bá rí i, wọ́n lè ní kí ẹ̀ka náà má gba ọmọ tuntun mọ́. Ó wá fi ohùn kékeré kan tí mi ò mọ̀ pé ó ní béèrè bóyá èyí tí mo ní mo gbé sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣì wà.

Mo ní, "Sà, ẹ ní ẹ kì í ṣí líǹkì."

Ó ní bí òun bá tilẹ̀ rí i, òun ò mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí i, kí n jọ̀ọ́ kí n yà wá.

Ó wù mí kí n kọ̀. Mo rò ó pé kí n kọ̀. Màámi ló ní kí n lọ, ó ní àwọn ọmọ tó wà nílé ìwé báyìí ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Mo dé ọ́fíìsì náà, mo bá ike áísìkiriìmù lórí tábìlì rẹ̀. Òjò ti bá òrùlé ọ́fíìsì akọ̀wé jà, ó jò sínú ike tí kò ní ìdérí, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ títí wọ́n fi wá a débẹ̀. Àwọn fúláàṣì náà wà níbẹ̀, dúdú tó ní ìdérí pupa, ìpata ti mú ẹnu wọn. Mo rí tèmi láàárín wọn, òwú funfun rẹ̀ ti di pípọ́n.

Mo dúró ti kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo tẹ orúkọ mi àti ọ̀rọ̀ aṣínà mi. Iṣẹ́ mi jáde, láti orí kìíní dé orí karùn-ún. Dọ́kítà yí i sókè, ó yí i sódò. Ó kà á fún ìgbà díẹ̀. Orí karùn-ún tó ń kà yẹn, ọ̀kan náà ni pẹ̀lú èyí tó ti wà níbẹ̀ ní ọdún tí wọ́n ní kò pé. Mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ó dìde, ó kó ìwé tó wà lórí àga àlejò kúrò, ó fi ọwọ́ gbọn eruku rẹ̀.

"Jókòó," ló wí.

Lẹ́yìn náà ló ti ike náà sọ́dọ̀ mi, ó béèrè bóyá mo lè bá òun gbé ti àwọn yòókù sókè bíi tèmi. Mo sọ fún un pé àwọn wọ̀nyí ti kú, sà, kí ó pe àwọn tó ni wọ́n, kí wọ́n fi líǹkì tiwọn ránṣẹ́. Ó ní wọn ò ní, òun ni òun ní kí wọ́n má ṣe é. Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nípa ẹlòmíràn.

Wọ́n fi iṣẹ́ mi han àwọn aláyẹ̀wò. Mo gbọ́ pé wọ́n yìn ín. Iṣẹ́ tí kò tó láti fi mí jáde ló wá tó láti fi gba gbogbo ẹ̀ka sílẹ̀. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ló ń rọ̀ mí pé kí n dárí ji bàbá náà, wọ́n ní ó ti gbà pé òun ṣe àṣìṣe, ṣé kò fún mi ní àga ni. Mo ti dárí ji ìyá mi, torí òun bẹ̀ mí. Àga kọ́ ni ẹ̀bẹ̀.